ILÉ TÁLÁKÀ NI KÍ Ẹ FI WỌN BINDESBØLL



Bí wọ́n bá ní ká dárúkọ ẹni tó mọ ilé yà, ilé ńláńlá la máa ń wò: ààfin, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ìjọba. A kì í béèrè ẹni tó ya ilé tí àwọn aláìní ń sùn sí. Èmi rò pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, ìtàn ọkùnrin ará Dẹ́ńmáàkì kan ni mo sì fẹ́ fi gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀.

Michael Gottlieb Bindesbøll lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1800 ni wọ́n bí i, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Copenhagen, olú-ìlú wọn. Kì í ṣe ilé yíyà ló kọ́kọ́ kọ́. Iṣẹ́ àwọn tó ń kan ẹ̀rọ ìlọkà ló kọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń lọ jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ H. C. Ørsted. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe físíìsì á ti gbọ́ orúkọ yẹn: òun ló rí i lọ́dún 1820 pé iná mànàmáná tó ń gba inú wáyà kọjá máa ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Ørsted mú un dání lọ sí Jámánì àti Faransé ní 1822. Nígbà tó dé ló wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà. Ní 1833, ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà wọn, ó sì rìnrìn-àjò lọ sí Ítálì àti Gíríìsì.

Róòmù ló ti bá Bertel Thorvaldsen pàdé, ọmọ ìlú rẹ̀ tó ń fi òkúta mábù gbẹ́ ère, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká Yúróòpù. Nígbà tí Thorvaldsen fẹ́ kó iṣẹ́ rẹ̀ fún Copenhagen, Bindesbøll ni wọ́n fún ní ilé tí wọn yóò kó o sí yà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1839, wọ́n ṣí i ní 1848. Ibi tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ọba sí tẹ́lẹ̀ ló tún ṣe. Ó kun ìta rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, bẹ́ẹ̀ ìlú ò mọ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ilé pàtàkì. Jørgen Sonne ya àwòrán sára ògiri ìta, bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ère náà bọ̀ láti etí omi. Àwọn atukọ̀ àti alágbàṣe tó ń rù wọ́n wà níbẹ̀ gedegbe. Thorvaldsen ti kú ní 1844, àgbàlá ilé yẹn ni wọ́n sì sin ín sí.

Ilé yìí ni gbogbo èèyàn fi ń yin Bindesbøll. Ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lọ sí 1853.

Lọ́dún yẹn, àrùn onígbáméjì wọ Copenhagen. Ìlú ti há sínú odi àtijọ́, torí ó pẹ́ tí ìjọba ò ti jẹ́ kí wọ́n kọ́lé sí ìta odi, kí ibẹ̀ lè ṣófo bí ogun bá dé. Ilé ń gun orí ilé, èèyàn ń sùn lé èèyàn, gọ́tà ń rùn, omi mímu ò mọ́. Àwọn tó kú lé ní 4,700. Àwọn òtòṣì ni ìyà yẹn sì jẹ jù.

Àwọn dókítà ò tíì mọ kòkòrò tó ń fa àrùn náà dáadáa nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ibi tó há, tó dọ̀tí, ni ikú ti ń rí èèyàn pa. Ẹgbẹ́ wọn, tí Dókítà Emil Hornemann jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, pinnu láti kọ́lé fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Østerbro, lẹ́yìn odi. Bindesbøll ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: dókítà mọ àìsàn, ayàwòrán ilé mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Ó to àwọn ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó fi àyè koríko sáàárín wọn, kí oòrùn àti atẹ́gùn lè dé ojú fèrèsé oníkálukú. Kò sí ọ̀ṣọ́ púpọ̀ lára wọn, ṣùgbọ́n kò fi wọ́n sílẹ̀ bí ilé ẹran. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ibẹ̀ ní ilé ìwẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ará ibẹ̀ dá jọ, àti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́. Brumleby ni wọ́n ń pè é. Bindesbøll ò rí i parí. Ó kú ní July 1856. Vilhelm Klein ló kọ́ ìyókù, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1872. Títí dòní, èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn á sọ. Á ní bí kò bá kọ́ ilé ńlá àkọ́kọ́, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n? Òótọ́ ni, n ò jiyàn. Á tún ní yàrá Brumleby kéré, àti pé wọ́n ń gba owó ilé, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ rárá ò lè wọ ibẹ̀. Ìyẹn náà òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti inú yàrá tí kò ní fèrèsé bọ́ síbẹ̀. Ilé àkọ́kọ́ ń tọ́jú ère àti òkú ẹni tó gbẹ́ wọn. Èkejì ń tọ́jú alààyè. Èwo ló ṣòro jù? Ẹni tó ń yalé fún olókìkí, gbogbo ìlú ni yóò wò ó. Ẹni tó ń yalé fún alágbàṣe, bó bá fi fèrèsé kan pamọ́, ta ni yóò bá a wí? Bindesbøll ò fi pamọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀gá ni.

Àwa tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ò nílò àlàyé púpọ̀. A mọ bí òru ṣe ń rí nínú yàrá tí bẹ́ẹ̀dì fẹnu kan bẹ́ẹ̀dì, a mọ bí àárọ̀ ṣe ń rí bí omi ò bá yọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní SS3 tẹ́ ẹ ní ilé yíyà lẹ fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ààfin o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ilé àwọn òṣìṣẹ́ tàbí họ́sítẹ́ẹ̀lì ọmọ ilé-ìwé fún yín, ẹ má ṣe é bí iṣẹ́ àjókù. Ẹ kọ́kọ́ ka fèrèsé ibẹ̀.

Èrò tèmi nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbà, kó mú bíírò, kó fún mi lésì nínú ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀.