Bọ́ọ̀lù Tó Ta Padà, Ta Ló Ni Ín?

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n mọ Àjégúnlẹ̀ l'Ékòó mọ́. Ibẹ̀ ni Samson Siasia, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ rí, ti dàgbà. Kò sí ọmọdé níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé kípà tó ta bọ́ọ̀lù dànù síwájú ẹsẹ̀ alátakò kò tíì gba nǹkan kan. Àwọn kóòṣì básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin ní yunifásítì wa ìbá mú ìmọ̀ yìí lò.

Kí ọmọbìnrin márùn-ún sáré, kí wọ́n làágùn, kí alátakò sì ju bọ́ọ̀lù tó kan irin tí kò wọlé: bí alátakò náà bá tún rí bọ́ọ̀lù tó ta padà náà (rìbáǹdì) mú, òfin FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, á fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 14 mìíràn, ó di kí àwọn tó ti rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ìdènà. Ohun tó ṣe Minnesota Lynx nìyẹn nínú àṣekágbá WNBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin ti Amẹ́ríkà, lọ́dún 2016. Nneka Ogwumike, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó sì gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Stanford, mú rìbáǹdì mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì jù ú sáwọ̀n nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 3.1. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Los Angeles Sparks, borí, 77 sí 76.

Àwọn kan ní iṣẹ́ ẹni gíga ni rìbáǹdì mímú. Òótọ́ ni pé Evelyn Akhator, ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó, ga. Rìbáǹdì rẹ̀ ní yunifásítì Kentucky lé ní 10 nínú eré kọ̀ọ̀kan, ní ìpíndọ́gba, lọ́dún tó lò kẹ́yìn níbẹ̀, Dallas Wings sì yàn án ní ipò kẹta nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ WNBA ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dún 2017. Ṣùgbọ́n abẹ́ irin ni ìjà pọ̀ sí nínú eré obìnrin. Ẹni tó ti gba àyè ló ń mú rìbáǹdì. Bí alátakò bá ti ju bọ́ọ̀lù, kí ọmọ má gbójú sókè. Kó wá ẹni tó ń ṣọ́, kó kọ ẹ̀yìn sí i, kó yasẹ̀, kó tẹ orúnkún. Bọ́ọ̀lù tó ti ọ̀nà jíjìn wá sábà máa ń ta jìnnà, nítorí náà àwọn kúkúrú náà ní iṣẹ́ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún irú ìdènà yìí, wọn kì í sì í ya fídíò rẹ̀.

Fún ọmọbìnrin Apapa tàbí Àjégúnlẹ̀ tó ń retí yunifásítì, kò sí ẹ̀kọ́ tó dínwó tó èyí. Jíju bọ́ọ̀lù ń fẹ́ irin tí kò tẹ̀ àti kọ́ọ̀tù tí wọn kò ní lé e kúrò lórí rẹ̀. Ìdènà yìí, ọmọ méjì àti ilẹ̀ títẹ́ ti tó.

Kóòṣì tó bá fẹ́ yan ọmọ fún NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, kó fi ẹnìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù tí yóò máa kọ iye ìgbà tí ẹni tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ rí rìbáǹdì mú. Ọmọ tí ẹni rẹ̀ kò rí ẹyọ kan mú ti yege, kódà bí òun fúnra rẹ̀ kò bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.