Ẹ Má Dá Linux Lẹ́bi Ọ̀ràn Tí Kò Dá

Ẹ̀yin ará nínú Ẹgbẹ́, èmi kì í sábà kọ̀wé nípa ẹ̀rọ sínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí a sọ ní ìpàdé àwọn olùkọ́ wa ní oṣù tí ó kọjá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún dìde, ó ní kí a pa Linux rẹ́ kúrò lórí gbogbo kọ̀ǹpútà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lò, kí a sì padà sọ́dọ̀ èyí tí à ń fi owó rà. Ẹ̀rí tí ó mú wá kò ju ẹyọ kan lọ. A ra ẹ̀rọ kékeré kan tí à ń fi sí ihò USB kí kọ̀ǹpútà lè ní ojú kejì, kí olùkọ́ lè máa wo ìwé tirẹ̀ níwájú rẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa wo àwòrán lára ògiri. A fi í sí ihò rẹ̀. Dúdú ni ojú kejì wà. Èmi fúnra mi dúró tì í láti òwúrọ̀ títí agogo oúnjẹ fi lù.

Ẹjọ́ tí a dá náà kò tọ́. Ẹni tí kò ṣẹ̀ ni a fẹ́ nà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣọ́ ibi tí àwòrán bá ti yí padà, tí ó ń fún un pọ̀ kí ó lè kéré, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ gba inú okùn USB. Ẹ̀rọ kékeré náà a tú u, a sì gbé e sí ojú kejì. Èdè kan ni àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì di dandan kí ògbufọ̀ tí ó gbọ́ èdè náà wà nínú kọ̀ǹpútà. Ògbufọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní driver. Bí kò bá sí ògbufọ̀, kọ̀ǹpútà kò ya òmùgọ̀. A kò kọ́ ọ ní èdè náà ni.

Èmi kì yóò dárúkọ ẹni tí ó ṣe èyí tí a rà. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí gbogbo àwọn onímọ̀ Linux mọ̀, òun ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ DisplayLink, tí a dá sílẹ̀ ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Synaptics sì rà ní ọdún 2020, ni ó ń ṣe ọpọlọ tí ó wà nínú púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, ó gbé libdlo jáde, ètò tí ẹnikẹ́ni lè kà kí ó sì tún ṣe, tí ó fi èdè àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ti ìran USB 2.0 hàn. Èso rẹ̀ kò pẹ́. Dave Airlie kọ ògbufọ̀ tí à ń pè ní udl, a sì gbà á wọ inú kernel, èyí tí í ṣe ọkàn Linux, ní ẹ̀dà 3.4, ní ọdún 2012. Láti ìgbà náà ni ògbufọ̀ ti ń bá Linux wá fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ra ẹ̀rọ náà ń wá a kiri.

Nígbà tí ìran USB 3.0 dé ńkọ́? Èdè yí padà, a sì fi àdììtú bò ó. Linux kò rí ògbufọ̀ fún un títí di ọdún 2015, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà gbé ọ̀kan jáde fún Ubuntu. Apá méjì ni ó ní: evdi, tí a lè kà, àti DisplayLinkManager, tí a kò lè kà. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó ń ṣiṣẹ́, ó sì sàn ju òfo lọ. Ṣùgbọ́n bí kernel bá ti yí padà, a ní láti tún evdi kọ́ lé e lórí. DKMS a máa bá ni ṣe é, bí ohun tí ó yí padà kò bá pọ̀ jù. Níbi tí Secure Boot bá sì wà, kernel kì yóò gba evdi láyè bí kò bá rí àmì ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀. Apá tí a tì pa ńkọ́? Bí ó bá bàjẹ́, kí ẹni tí ó ni í tó dé, kò sí ẹni tí ó lè tún un ṣe, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Wọ́n á ní oníṣòwò ní ẹ̀tọ́ láti pa àṣírí òwò rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Aláró kì í sọ bí òun ti ń po aró fún ẹni tí ó ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí aláró tí ń sọ fún oníbàárà pé ilé báyìí nìkan ni kí ó ti máa ró aṣọ náà. Kí wọ́n fi bí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ pamọ́ títí ayé. Ọ̀rọ̀ tí n ó fi bá ohun tí mo ti sanwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, tèmi ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé kò ṣeé ṣe. Noralf Trønnes ṣe é: èdè GUD, tí ó wà ní gbangba fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ojú USB, wọ inú kernel ní ẹ̀dà 5.13 ní ọdún 2021. Raspberry Pi Zero, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, lè gbọ́ ọ kí ó sì ṣe iṣẹ́ tí èyí tí a rà kọ̀ láti ṣe. Àwọn kọ̀ǹpútà kan sì wà tí ihò USB-C wọn ń gbé àwòrán DisplayPort jáde tààrà. Ìyẹn kò bèèrè irú ògbufọ̀ yìí rárá.

Àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Iye owó àti àwòrán ara páálí ni a wò. Nínú gbogbo wa tí a fọwọ́ sí ìwé ìrajà náà, èmi pẹ̀lú, kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá Linux gbọ́ èdè rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀ kí wọ́n tó pa ohunkóhun rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti bá mi wá ẹ̀rọ àtijọ́ kan ti ìran USB 2.0, irú èyí tí udl gbọ́ èdè rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. N ó gbé e lọ síbẹ̀, n ó sì bẹ àgbà wa náà kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí ihò kọ̀ǹpútà níwájú gbogbo wọn.