Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ yan kajú nílé, ẹ rọra o!

Ẹ̀yin ará Abúlé Adó àti Festac, ẹ mọ kajú inú ìgò tí wọ́n ń tà nínú gosúló. Owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyẹn táwọn ìyàwó ilé kan fi ń sọ pé àwọn á kúkú ra eléèèpo, káwọn yan án fúnra àwọn. Háà!

Èèpo kajú kì í ṣe èèpo ẹ̀pà o. Epo kan wà nínú ẹ̀ tó ń bó èèyàn lọ́wọ́ àti lẹ́nu. Tó bá kan iná, ó ń gbiná, èéfín ẹ̀ sì ń ta èèyàn lójú àti lọ́fun. Ta ló fẹ́ kọ́ ará Abúlé Adó pé iná kò ṣe é fi ṣeré, lẹ́yìn ohun tójú wọn rí lọ́jọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 2020?

Èyí tí wọ́n ti pa èèpo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ dà á sínú páànù gbígbẹ, iná kékeré ni kẹ́ ẹ fi sí i, kẹ́ ẹ máa rò ó títí táá fi pọ́n díẹ̀. Ẹ gún un, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ fúláwà ṣinṣín: kajú kọ́ọ̀bù 1 sí fúláwà kọ́ọ̀bù 3.

Kẹ́ ẹ tó fún ọmọ aládùúgbò jẹ, ẹ bi ìyá ẹ̀ léèrè. Ara àwọn mìíràn kì í gba kajú. Bí ètè ọmọ bá ń wú, tí kò mí délẹ̀ mọ́, ẹ má wá àgbo kiri; ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.