Àwòrán Ojú Ọ̀run Kò Béèrè Físà Lọ́wọ́ Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ lókè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí òṣùpá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìràwọ̀ kan a máa tàn yanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà mìíràn. Àgùàlà ni àwọn àgbà ń pè é. Àwọn kan ní ajá òṣùpá ni, nítorí ó jọ pé ó ń tẹ̀ lé e kiri. Ẹni tó bá wò ó ní alẹ́ kan ṣoṣo lè gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún jáde síta ní alẹ́ kejì àti ìkẹta, tó sì rántí ibi tí àwọn méjèèjì wà tẹ́lẹ̀, yóò rí i pé òṣùpá ti rìn jìnnà, ó ti fi ohun tí wọ́n pè ní ajá rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Fífi ti àná wé ti òní ló tú àṣírí náà.

Orí ìfiwéra yìí ni ìmọ̀ ìràwọ̀ ṣì dúró lé títí dòní. Ní ọdún 1930, ọmọ àgbẹ̀ kan láti Kansas ní Amẹ́ríkà, Clyde Tombaugh, tí kò tíì wọ fásitì rárá, ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwo-ìràwọ̀ Lowell ní Arizona. Ẹni ọdún 24 ni. Wọ́n ti ya apá kan náà lójú ọ̀run ní ọjọ́ 23 àti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní. Tombaugh kó àwòrán méjèèjì sínú ẹ̀rọ kan tó ń fi ọ̀kan hàn án, tó sì ń yára fi ìkejì rọ́pò rẹ̀, síwá sẹ́yìn, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣẹ́jú. Gbogbo ìràwọ̀ dúró gbọnyin sójú kan. Àmì kékeré kan ṣoṣo ló ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí wọ́n ṣe rí Pluto nìyẹn, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún náà.

Ẹ̀rọ ńlá yẹn ti di ètò kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè gbà sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń lò púpọ̀ ni SAOImage DS9, tí ibùdó Smithsonian tó wà pẹ̀lú Harvard ní Amẹ́ríkà ṣe. Ó lè ṣí àwòrán púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó yí wọn títí ìràwọ̀ inú ọ̀kan yóò fi bọ́ sórí ti èkejì gẹ́lẹ́, kó sì mú wọn ṣẹ́jú bíi ti Tombaugh. Aladin, tí wọ́n ṣe ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, ń kó àwòrán tí oríṣiríṣi tẹlisíkóòpù yà jọ, ó sì ń tẹ́ ọ̀kan lé èkejì. Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tó ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí pé ènìyàn gba ohunkóhun sórí ẹ̀rọ. Ti Astrometrica, iṣẹ́ ọwọ́ Herbert Raab ará Austria, ni pé kó wá àwọn àpáta tó ń yí oòrùn po, kó sì wọn ibi tí wọ́n wà.

Àwòrán tí àwọn ètò yìí ń ṣí yàtọ̀ sí èyí tí fóònù ń yà. FITS ni wọ́n ń pe irú fáìlì náà, ó sì ti wà láti ọdún 1981. Nínú rẹ̀, nọ́ńbà ni àmì kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ tó dé ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, ohun tó ṣókùnkùn lójú lè hàn kedere bí ènìyàn bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Orí fáìlì náà ń sọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ya àwòrán, tẹlisíkóòpù tó yà á, àti apá ojú ọ̀run tó dojú kọ. Ìdí nìyẹn tí àwòrán tí wọ́n yà ní orílẹ̀-èdè méjì, pẹ̀lú ogún ọdún láàrin wọn, fi lè bára mu. Fáìlì náà lálòpẹ́ débi pé ilé ìkàwé Vatican yàn án láti fi tọ́jú àwòrán àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́.

Ó yẹ kí fáìlì tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn báyìí wọ àwọn ará Èkìtì lára. Láàrin ọdún 1910 sí 1914, Olówè ti Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn náà dé ibi ìpàtẹ Wembley ní ọdún 1924, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní London ló sì wà báyìí. Òpó kan wà ní Art Institute ní Chicago. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ààfin ìlú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá físà àti owó ọkọ̀ òfurufú. Àwòrán ojú ọ̀run kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n yà lórí òkè Haleakalā ní Hawaii ń wọlé tọ ẹni tó bá béèrè wá.

Láti ọdún 2006 ni ètò kan tí Patrick Miller ti fásitì Hardin-Simmons ní Texas dá sílẹ̀, International Astronomical Search Collaboration, ti ń pín irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Tẹlisíkóòpù Pan-STARRS ní Hawaii ń ya apá kan náà lójú ọ̀run lẹ́ẹ̀mẹ́rin, pẹ̀lú ìṣẹ́jú mélòó kan láàrin wọn. Àwọn ọmọ á ṣí àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú Astrometrica, wọn á mú wọn ṣẹ́jú, wọn á wá èyí tó ń rìn láàrin àwọn tó dúró, wọn á wọ̀n ọ́n, wọn á sì fi èsì ránṣẹ́. Pan-African Citizen Science e-Lab, tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, ti ń kó àwọn ẹgbẹ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà wọ ètò yìí. Ọ̀nà ti là. Ó kù kí Èkìtì gbà á.

Ìkẹ́rẹ́ ló sì yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, torí ìlú tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ti di Fásitì Bámidélé Olúmilúà báyìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ fásitì yìí bá kọ́ DS9 àti Astrometrica kó tó jáde, yóò gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tó bá ti lọ kọ́ni, ìbáà jẹ́ Ìsẹ̀ tàbí Èmùré. Ilé-Ifẹ̀ kò sì jìnnà: láti ọdún 1998 ni ibùdó ìmọ̀ òfurufú tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti wà ní fásitì OAU níbẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé iná kò sí, dátà sì wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan lè gba àwòrán mẹ́rin náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó fi fláàṣì pín wọn fún gbogbo kíláàsì. Astrometrica kò béèrè kọ̀ǹpútà olówó iyebíye, àwọn yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò JAMB sì ní èyí tó tó o ṣe. Òjò àti ọyẹ́, tó ń bo ojú ọ̀run mọ́ ẹni tó ní tẹlisíkóòpù, kò kan ẹni tó ní fáìlì lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn yóò béèrè pé kí ni àpáta òfurufú fẹ́ ṣe fún ẹni tí ebi ń pa. Ojú tó bá kọ́ bí a ṣe ń fi àwòrán méjì wéra wúlò nílé pẹ̀lú. Nàìjíríà fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ ní ọdún 2003 àti NigeriaSat-2 ní ọdún 2011 láti máa ya ilẹ̀. Ẹni tó lè fi àwòrán ọdún yìí wé ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni yóò sọ ibi tí ọ̀gbàrá ti ń jẹ ilẹ̀ àti ibi tí igbó ti pòórá. Dókítà tó gbé àwòrán X-ray ti oṣù tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ṣé kọ̀ǹpútà kò ti gba iṣẹ́ yìí mọ́ ènìyàn lọ́wọ́? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ibùdó Rubin ní Chile kéde pé nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá péré tí òun fi wo ojú ọ̀run ti fi 2,104 àpáta tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ hàn. Kọ̀ǹpútà ló ṣa wọ́n. Síbẹ̀, ní ọdún 2007, Hanny van Arkel, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Netherlands, ń wo àwòrán ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó rí ìkùukùu kan tó ń tàn, tí kò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni mọ̀, ó sì béèrè pé kí ni. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìkùukùu náà dòní.

Orúkọ tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2019, wọ́n gba Nàìjíríà láyè láti sọ ìràwọ̀ kan lórúkọ: Amadioha ni ìràwọ̀ náà ń jẹ́, ayé tó ń yí i po sì ń jẹ́ Equiano. Ẹni tó bá rí àpáta òfurufú tuntun lè dá orúkọ lábàá fún un, bí lẹ́tà rẹ̀ kò bá ti ju 16 lọ. Ó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fìdí àwárí náà múlẹ̀, nítorí náà ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì SS1 lè ti jáde fásitì kí èsì tó dé. Lẹ́tà mẹ́jọ péré ló wà nínú Olósùnta.