Ọjọ́ Aláwọ̀ Dúdú ní Costa Rica: ta ni yóò sanwó rẹ̀?

Gbogbo ayé ló ń yin Costa Rica pé kò ní ọmọ ogun. Òótọ́ ni, José Figueres ló tú wọn ká ní 1 Oṣù Kejìlá 1948, wọ́n sì ń ṣe ìrántí rẹ̀. Àwa olùkọ́ fẹ́ràn Oṣù Kẹsàn-án wọn pàápàá: àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa sáré gbé ògùṣọ̀ láti Guatemala títí dé Cartago. Bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá bá lù, tọmọdé tàgbà a kọ orin orílẹ̀-èdè wọn, àwọn ọmọdé a sì gbé fìtílà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe jáde. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló máa mọ́ bá ọdún òmìnira wọn, ti 1821.

Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ka kàlẹ́ńdà yẹn dáadáa. Férié oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan, ọ̀gá gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, bíi 11 Oṣù Kẹrin, ọjọ́ Juan Santamaría, ọmọ onílù tó dáná sun ilé tí àwọn ọmọ ogun William Walker fara pamọ́ sí ní Rivas ní 1856. Ìkejì, bí òṣìṣẹ́ bá ń gbowó ọ̀sẹ̀, tí kì í sì í ṣe ilé ìtajà ló ti ń ṣiṣẹ́, kò di dandan kí ọ̀gá fún un ní kọ́bọ̀. Inú ìkejì yìí ni wọ́n fi 31 Oṣù Kẹjọ sí, Ọjọ́ Aláwọ̀ Dúdú.

Èyí ló ń bí wa nínú. Láti 1872 ni wọ́n ti ń kó àwọn ará Jàmáíkà wá sí Limón láti la ọ̀nà reluwé. Lẹ́yìn náà, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ United Fruit. Marcus Garvey gan-an ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1934, òfin sọ pé ilé-iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ gba aláwọ̀ dúdú síṣẹ́ ní ìhà òkun Pàsífíìkì. Ẹgbẹ́ Garvey ló sì yan 31 Oṣù Kẹjọ fún gbogbo ènìyàn dúdú ní 1920. Ẹni tó làágùn jù ni wọ́n fún ní ìsinmi tí kò lówó nínú!

Ẹnìkan yóò ní, ṣebí 2 Oṣù Kẹjọ, ọjọ́ Màríà ti Cartago, àti ọjọ́ tí wọ́n tú ọmọ ogun ká náà wà nínú ìkejì? Bẹ́ẹ̀ ni. Màríà kì í gbowó ọ̀sẹ̀. (Ère dúdú lòun náà, La Negrita ni wọ́n ń pè é. Ẹ má bi wá ní nǹkan kan.)

Wọ́n tún ṣe òfin kan, láti 2020 sí 2024, tó ń sún ọ̀pọ̀ férié lọ sí ọjọ́ Ajé kí àwọn ènìyàn lè rìnrìn àjò, kí hòtẹ́ẹ̀lì lè rówó. Orúkọ ọjọ́ náà bá a mu, Ajé! Báwo ni olùkọ́ yóò ṣe sọ fún ọmọ pé ọjọ́ báyìí ni nǹkan ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìjọba ti tì í síwájú?

Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n gbé 31 Oṣù Kẹjọ sí oríṣi kìíní, kí ẹni tó ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Limón lè jáde bá àwọn ará rẹ̀ jó láì pàdánù owó oúnjẹ ọjọ́ yẹn.