Ẹ Má Jẹ́ Kí Catalyst àti Accelerator Fojú Kan Ara Wọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi rọ́bà silikóònù ṣe mọ́ọ̀dù, tí ẹ ń da rẹ́sìn sínú rẹ̀ láti fi ṣe àmì-ẹ̀yẹ, kíhódà, ère tàbí páàtì mọ́tò tó ti wọ́n lọ́jà, ẹ dákun, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ ná kí ẹ ka èyí tán. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kà á sétí àwọn ọmọṣẹ́ yín.

Ike méjì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù yín tí wọn kò gbọdọ̀ pàdé láéláé. Ọ̀kan ni catalyst, ìyẹn MEKP, tó mọ́ gaara bí omi. Èkejì ni accelerator, tí àwọn kan ń pè ní cobalt, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ àlùkò tó ṣú. Inú rẹ́sìn polyester ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí wọ́n bá kanra láìsí rẹ́sìn láàárín wọn, wọ́n á hó lójú ẹsẹ̀, wọ́n á gbiná, wọ́n sì lè bú gbàmù mọ́ ẹni tó ń pò wọ́n lójú. Kò dìgbà tí wọ́n bá pọ̀. Ife tí ẹ fi wọn ọ̀kan, tí ẹ wá fẹ́ fi wọn èkejì láìfọ̀ ọ́, ti di ewu.

Accelerator ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú rẹ́sìn. Ẹ rò ó títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba látòkè délẹ̀, tí ẹ ò ní rí ìlà àlùkò kankan mọ́ létí ike. Ìgbà yẹn ni catalyst tó kàn, gíráàmù 10 sí 20 fún kílò rẹ́sìn kan. Kí catalyst ní ife tirẹ̀, kó ní igi ìròpọ̀ tirẹ̀, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí accelerator, kí ìkan má lè dà sórí ìkejì. Ọ̀pọ̀ rẹ́sìn ni wọ́n ti po accelerator mọ́ kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì ka ara gálọ́ọ̀nù, kí ẹ tó fi nǹkan kan kún un. Ẹ má sì fi acetone la catalyst láé, nítorí ohun tó lè bú gbàmù ni àdàlù wọn lè dà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká gálọ́ọ̀nù odindi á ra díẹ̀. Wọ́n á bu catalyst fún un sínú ike omi tàbí ike mínírà, ó di ilé. Ẹ wo ike yẹn dáadáa lórí tábìlì: ohun inú rẹ̀ kò ní àwọ̀, ìdérí búlúù wà lórí rẹ̀, orúkọ omi mímu ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ tó ti ilé ìwé dé tí òǹgbẹ ń gbẹ, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? MEKP á bó o lọ́fun, á jó ikùn rẹ̀, ó sì lè gbẹ̀mí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, ẹ má fipá mú un bì, ẹ má sì rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ. Ibi yòówù kí ẹ ti rà á, ì báà ṣe Ojota l'Ékòó tàbí ibòmíràn, ẹ ní kí wọ́n fún yín nínú ike tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì oúnjẹ.

Ojú ńkọ́? Ẹ̀kán kan ṣoṣo tó bá ta sí i lè fọ́ ọ. Ẹ má sáré wá dókítà kí ẹ tó fi omi ṣàn án. Ẹ la ìpéǹpéjú, kí ẹ máa da omi tó mọ́ sí i láìdáwọ́dúró fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ tó gbéra. Nítorí náà, kẹ́ẹ̀gì omi tó kún gbọ́dọ̀ wà nítòsí kí ẹnikẹ́ni tó ṣí catalyst. Gíláàsì ìkàwé kò lè gbà yín. Gógù tó bo ojú yípo ni kí ẹ wọ̀.

Òórùn líle tó ń jáde lára rẹ́sìn yẹn, styrene ni. Láti nǹkan bí ìwọ̀n 31 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni oru rẹ̀ ti lè gbiná bí iná bá kàn án, ọ̀sán Èkó sì ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa ń wọ́ gbà títí á fi dé ìdí jẹnẹrétọ̀, sítóòfù tàbí àbẹ́là. Yàrá tí ènìyàn ń sùn kì í ṣe ibi iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2018, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ka styrene mọ́ àwọn ohun tó jọ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ ṣí fèrèsé, tàbí kí ẹ bọ́ sí ìta. Àkísà tí ẹ fi nu catalyst lè gbiná fúnra rẹ̀, inú omi ni kí ẹ rì í sí.

Àwọn tó ń fi POP, ìyẹn plaster of Paris, ṣe ìkarahun tó ń di mọ́ọ̀dù rọ́bà mú rò pé ìyẹn ò lè ṣeni ní nǹkan kan. Lóṣù kìíní ọdún 2007, ní Lincolnshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 16 kan ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú POP tútù ní kíláàsì kó lè fi ya ọwọ́ ara rẹ̀. POP ń gbóná bó bá ń le. Ó dì mọ́ ọn lọ́wọ́, kò rí i yọ, ó sì pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìka rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ sínú rẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀yin oníkéèkì. Oríṣi silikóònù méjì ló wọ́pọ̀. Oògùn tó ń mú èyí tí wọ́n kọ tin-cure sí le kì í ṣe ohun tó yẹ kó kan oúnjẹ, nítorí náà ẹ má fi ṣe mọ́ọ̀dù fún ṣokoléètì, fọ́ńdáǹtì tàbí yìnyín. Platinum-cure, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sí i lára pé ó yẹ fún oúnjẹ, ni tiyín. Lóòótọ́ ó wọ́n, ó sì ní èèwọ̀ tirẹ̀: bí ìbọ̀wọ́ latex tàbí amọ̀ tó ní sulphur bá kàn án, kò ní le. Ìyẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sídìí tin-cure, kò sì sí wàhálà bó bá jẹ́ ère ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Àmọ́ mọ́ọ̀dù tí rẹ́sìn bá ti wọ̀ rí kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná mọ́.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ l'Ékòó, ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ mú ike kẹ́míkà náà dání lọ sílé ìwòsàn. Bí kò bá sí orúkọ lára rẹ̀, ẹ kọ orúkọ kẹ́míkà náà, bíi MEKP, sórí ìwé fún dókítà.