Bí ẹ̀rọ ò bá ka ìlà ara káàdì ìdìbò, ta ló ní kí ẹ máa lọ sílé?

Ìyá àgbà kan lè ti oko ẹ̀gẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kó tò sórí ìlà n'Ígbò-Ọrà láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn pa á títí, kí agùnbánirọ̀ tó wà nídìí ẹ̀rọ wá yí káàdì rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kó ní, "Màmá, kò gbé e o, ẹ máa lọ sílé." Bí Màmá bá gbà, ìbò kan ti ṣòfò nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ẹrẹ̀ àti epo ọwọ́ nìkan ló wà lára káàdì ọ̀hún.

Irú àwọn ìlà dúdú tó wà lẹ́yìn ọṣẹ àti bisikíìtì náà ló wà lára káàdì. Dúdú ń gbé iná mì, funfun ń dá a padà, bí ìlà bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ sí tàbí fẹ̀ sí ló ń di nọ́ńbà. Ṣingọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kà bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Troy, ìpínlẹ̀ Ohio, l'Ámẹ́ríkà, ní June 26, 1974. Nọ́ńbà lásán ni. Ìlà ò mọ ẹni tó ni káàdì, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó tọ́ka sí orúkọ kan nínú ẹ̀rọ lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Ẹ̀rọ tí INEC lò lọ́dún 2015, ṣíìpù inú káàdì ló ń kà, kó tó bèèrè ìka. Gbogbo ayé ló gbọ́ bó ṣe kọ ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan ní Otuoke ní March 28 ọdún náà. Ààrẹ o! Lọ́dún 2021 ni BVAS dé, òun ni wọ́n sì lò káàkiri Nàìjíríà ní February 25 àti March 18, 2023. Ó ń ka ìlà, ó ń gba ìka, ó tún ń ya ojú.

Ìlànà tí INEC fi ṣe ìbò 2023 kò gbé gbogbo ẹrù lé ìlà ara káàdì lórí. Òṣìṣẹ́ lè ka ìlà náà, ó lè ka èyí tó wà nínú ìwé orúkọ tó wà níwájú rẹ̀, ó lè tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà gígùn ara káàdì, ó sì lè tẹ orúkọ ìdílé. Kí ló wá kan "máa lọ sílé" bí ọ̀kan bá kọ̀?

Kó tó dé ibẹ̀ pàápàá, ọwọ́ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nu káàdì, kì í ṣe itọ́. Kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, nítorí bí ara káàdì bá ń dán yanran, ẹ̀rọ ò ní rí nǹkan kan. Kí ọwọ́ má gbọ̀n. Kí wọ́n sún ẹ̀rọ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo ìlà yóò fi hàn, láti òpin dé òpin. Àwọn ọmọ tó ń kánjú máa ń lẹ ẹ̀rọ mọ́ káàdì bí ẹni fẹ́ lọ̀ ọ́.

Orúkọ ìdílé ló léwu jù n'Ígbò-Ọrà, ìlú ìbejì. Táíwò àti Kẹ́hìndé, orúkọ ìdílé kan náà, ibùdó kan náà. Bí wọ́n bá ṣèèṣì mú orúkọ Kẹ́hìndé fún Táíwò, ojú tó jọra lè tan ẹ̀rọ, Kẹ́hìndé á wá dé, wọ́n á ní ó ti dìbò. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ló dáa jù, kí wọ́n sì tẹ ìka: ìka ìbejì kì í jọra, bó ti wù kí ojú wọn jọra tó.

Ohun kan tún wà tí nínu káàdì ò lè wò sàn. Orúkọ àwọn tó ń dìbò ní ibùdó kan ṣoṣo ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ ibùdó náà. Káàdì Èrúwà ò ní jẹ́ n'Ígbò-Ọrà láéláé. INEC sì fi kún ibùdó lọ́dún 2021, láti 119,974 sí 176,846, tí wọ́n fi kó àwọn mìíràn kúrò níbi tí wọ́n ti ń dìbò tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí èèyàn ti wádìí ibùdó rẹ̀ kí ọjọ́ ìbò tó pé. Ní 2023, ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán tó lù ni wọ́n ní kó dìbò. Ẹni tó ti kọjú sílé kò sí nínú wọn.